Henry Dallimore, Olùtọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Èkìtì

Ní ìlú Adó-Èkìtì, òpópónà kan wà tí ó ń jẹ́ Dallimore. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá ni kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Òyìnbó ni ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà, ó sì ti kú tipẹ́. Àwọn àgbà Èkìtì kò gbàgbé rẹ̀, nítorí pé ó mọ ohun tí ọmọ tí kò ní olùkọ́ máa ń dà. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ kà nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí Èkìtì ṣe rí kí ó tó dé. Ilẹ̀ olókè ni Èkìtì. Ọba aládé mẹ́rìndínlógún ni àwọn baba wa máa ń kà níbẹ̀, Ewì ti Adó sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n a máa bá ara wọn jà, nígbà mìíràn wọn a sì parapọ̀ láti kojú ọ̀tá. Ní ọdún 1877, ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Èkìtì Parapọ̀ àti àwọn ará Ìbàdàn. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ogun yìí, àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, kó ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì lẹ́rú lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, díẹ̀ nínú àwọn tí a kó lẹ́rú padà wálé. Àwọn kan lára wọn ti di onígbàgbọ́ ní òkèèrè, wọ́n sì ti mọ ìwé kà. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mú ẹ̀sìn Kírísítì àti ìwé kíkà wọ Èkìtì. Ọ̀kan nínú wọn ní Adó ni Babamúbọ̀ní. Nípa báyìí, kí òyìnbó míṣọ́nnárì kankan tó wá jókòó sí Adó, ọmọ ilẹ̀ ti ń kọ́ ọmọ ilẹ̀ ní ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé èyí, nítorí pé yóò ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a bá dé ìparí ìtàn yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ilé-ìwé kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀ sí hù ní Èkìtì bí olú. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń dá ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, pẹ̀lú tíṣà kan tàbí méjì. Ọmọ tí ó bá wọ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ yóò mọ A-B-D, yóò mọ ìṣirò díẹ̀, yóò sì lè ka Bíbélì. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà dí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí ilé-ìwé gíga ní láti fi ilẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ilé-ìwé Gírámà ti CMS wà ní Èkó láti ọdún 1859. Ti Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1908, ti Ìbàdàn ní ọdún 1913, ti Oǹdó sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1919. Kò sí ọ̀kan nínú wọn ní ilẹ̀ Èkìtì. Láti Adó sí Èkó ju 300 kìlómítà lọ, ọ̀nà kò sì dára nígbà náà. Ọmọ àgbẹ̀ mélòó ni ó lè rí owó ọkọ̀, owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ láti lọ gbé ní irú ibẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí wọn pé dáadáa ni wọ́n padà sí oko nítorí pé kò sí ẹni tí yóò fà wọ́n lọ́wọ́.

Inú ipò yìí ni Henry Dallimore bá Èkìtì. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹgbẹ́ CMS, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ni ó rán an wá. Ó fi Adó ṣe ibùgbé, ó sì ń bójú tó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé káàkiri Èkìtì. Nígbà tí ó yá, ìjọ fi í jẹ oyè àlùfáà àgbà tí wọ́n ń pè ní Archdeacon. Orúkọ oyè yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ní ọdún 1930, ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀ tí ó fi hàn pé Èkìtì nílò olùkọ́ gidigidi. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìsọjí ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Kí ọdún náà tó parí, Babalọlá ti dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Èrò ń wọ́ lọ sí ibẹ̀ láti gbogbo ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kó òrìṣà wọn jọ, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ di onígbàgbọ́. Dallimore gbéra láti Adó, ó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn òyìnbó kan nígbà náà ń fi ojú ìfura wo ìsọjí náà. Dallimore ní tirẹ̀ kò kọ́kọ́ lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó rí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́, tí wọn kò sì ní olùkọ́. Nítorí náà, a ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ kí wọ́n wá ṣe ìrànlọ́wọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ti wà láti ọdún 1896. Àwọn fúnra wọn kò tíì kúrò lórí àga akẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ wọ́n wá kọ́ àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ. Ní ọdún 1931, Dallimore kọ àkọsílẹ̀ nípa ìsọjí náà sínú ìwé ìròyìn ìjọ.

Lẹ́yìn ìsọjí yìí, ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí i ní Èkìtì, àwọn ọmọ tí ó fẹ́ kàwé náà sì pọ̀ sí i. Àwọn tíṣà ńkọ́? Wọn kò tó. A kò lè máa yá olùkọ́ láti Ọ̀yọ́ ní gbogbo ìgbà. Bí ilé bá ń jò, tí onílé sì ń yá ike aládùúgbò láti fi gbe omi, ìjọ wo ni òjò yóò rọ̀ tí ìyẹn yóò dópin? Kí ó tún òrùlé rẹ̀ ṣe ni ó yẹ. Ó di dandan kí Èkìtì máa tọ́ olùkọ́ tirẹ̀.

Ní ọdún 1933, Dallimore dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ekiti Central School ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ilé-ìwé àárín gbùngbùn Èkìtì. Láti inú àwọn ilé-ìwé kéékèèké tí ó wà káàkiri ni àwọn ọmọ ti ń wá sí ibẹ̀ láti tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Christ's School, ó sì di ilé-ìwé gíga. Orí òkè Àgídímọ̀ ni ó tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ náà. Ọmọ Adó, ọmọ Ìkọ̀lé, ọmọ Ìjerò àti ọmọ Òkèmẹ̀sí wà nínú kíláàsì kan náà. Èdè ẹnu wọn yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn, olúkúlùkù sì ń fi ìlú tirẹ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń jí, wọ́n jọ ń gbálẹ̀, wọ́n jọ ń pọn omi, wọ́n sì jọ ń kàwé. Ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ìwé nìkan kọ́ ni ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ a máa ṣe iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe ọ̀lẹ nínú oko, kò sí bí ó ṣe mọ̀wé tó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní bọ̀wọ̀ fún un.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe ni ó dára. Àwọn kan nínú wọn fi ojú kékeré wo àṣà wa, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ láti máa tijú ohun tí í ṣe ti baba wọn. Ó yẹ kí a mọ èyí pẹ̀lú. Síbẹ̀, a kò lè torí rẹ̀ sọ pé ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí kò ṣí.

Ètò kan tún wà ní ayé ìgbà náà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ọmọ tí ó bá ka ìwé mẹ́fà yanjú lè di tíṣà fún àwọn ọmọ kékeré. Kò tíì di tíṣà gidi, ọmọ ilé-ìwé tí ó tún ń ṣe tíṣà ni. Ní òwúrọ̀, yóò dúró níwájú kíláàsì, yóò máa kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní ìwé kíkà àti ìṣirò. Nígbà tí ilé-ìwé bá ṣíwọ́, ọ̀gá ilé-ìwé yóò jókòó tì í, yóò kọ́ òun náà ní ẹ̀kọ́ tí ó ju ti kíláàsì lọ. Bí ó bá ṣe dáadáa, yóò ṣe ìdánwò wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Bí ẹnì kan ṣe ń fa ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wà níwájú ń fa òun náà. Ètò yìí kò ná ìjọ ní owó púpọ̀, òun sì ni ó mú kí ilé-ìwé lè dé àwọn abúlé tí òyìnbó kankan kò lè gbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ rẹ̀ ni Jacob Festus Adéníyì Àjàyí. A bí i ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ní ọdún 1929. Ó kàwé ní ilé-ìwé St. Paul's ní Ìkọ̀lé. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí Ekiti Central School kí ó lè múra sílẹ̀ láti di irú tíṣà kékeré tí a sọ yìí. Nígbà tí ó wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé ilé-ìwé kan wà ní Èkó tí ó ń jẹ́ Igbobi College. Àjàyí gbìyànjú, wọ́n sì gbà á wọlé ní ọdún 1940. Ṣùgbọ́n níbo ni owó yóò ti wá? Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé ni ó fi owó ràn án lọ́wọ́ kí ó lè lọ.

Ọmọ yìí ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn, tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ṣe olórí Yunifásítì Èkó láti ọdún 1972 sí 1978. Ní ọdún 1965, ìwé rẹ̀ kan jáde lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà. Ó kú ní ọdún 2014. Ẹ wo bí ìrànlọ́wọ́ ṣe tọ̀ ọ́ wá. Ilé-ìwé tọ́ ọ, ọ̀rẹ́ júwe ọ̀nà fún un, ìlú rẹ̀ sì fi owó gbé e ró. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, bóyá ìtàn rẹ̀ ì bá yàtọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Dallimore nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tíṣà ọmọ Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní Èkìtì. Àwọn ọmọ ìjọ ń dá owó. Àwọn òbí gbà láti jẹ́ kí ọmọ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ tí ó yẹ kí ó ran àwọn lọ́wọ́ lóko ni wọ́n yọ̀ǹda. Ẹbọ ńlá ni èyí fún àgbẹ̀ tí ó ní iṣu láti gbìn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ní àwọn ọdún 1940, Dallimore fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àkókò yìí ni a fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ ẹni ní gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ ohun rere ni ó máa ń kú ní ọjọ́ tí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ bá kọ ẹ̀yìn sí i. Kíláàsì a tú, ilé a wó, koríko a hù bo ojú ọ̀nà. Ti Christ's School kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1948, òyìnbó mìíràn, Canon L. D. Mason, di ọ̀gá ibẹ̀. Ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjìdínlógún, ilé-ìwé náà sì ń gòkè sí i lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, R. A. Ògúnlàdé, tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà, di ọ̀gá ilé-ìwé náà. Iṣẹ́ tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀.

Kì í ṣe Adó nìkan ni iṣẹ́ náà mọ. Nígbà tí àwọn ìlú Èkìtì yòókù rí i pé ọmọ àgbẹ̀ lè kàwé kí ó sì di ènìyàn pàtàkì, àwọn náà dìde láti ní ilé-ìwé gíga tiwọn. Ìdó-Èkìtì ní Ekiti Parapo College, Ìkéré sì ní Amoye Grammar School. Ní oṣù Kínní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ rọ́ wọ ilé-ìwé, a sì tún nílò tíṣà púpọ̀ sí i. Àwọn tí a ti tọ́ ní Èkìtì wà lára àwọn tí ó dáhùn ìpè náà.

Àwọn ọmọ tí ó gba Christ's School kọjá pọ̀ ju ohun tí a lè kà tán lọ. Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tí a bí ní Òkèmẹ̀sí ní ọdún 1935, di oníṣègùn ọpọlọ tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ayé. Òun ni ó ṣe ìwádìí nípa àìsàn iṣan tí ó ń bá àwọn tí ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Ó kú ní ọdún 1995. Níyì Ọ̀ṣúndáre láti Ìkéré, tí a bí ní ọdún 1947, náà kàwé níbẹ̀. Ó di akéwì tí àwọn ènìyàn ń ka iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé àti ní ẹ̀yìn odi. Ọ̀ṣúndáre kò bá Dallimore ní ilé-ìwé náà, àmọ́ ó jẹ nínú èso igi tí Dallimore gbìn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kí ni a rí kọ́ nínú ìtàn yìí? Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ tí orí rẹ̀ pé kò lè dá nìkan dé ibi gíga. Ó nílò ẹni tí yóò fà á lọ́wọ́. Èkejì ni pé iṣẹ́ títọ́ ọmọ kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ẹnì kan bá dá a bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò gbé e ró kí ó má baà wó. Ẹ̀kẹta ni pé olùkọ́ tí ó dára jùlọ ni ẹni tí ó tọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ni lẹ́yìn rẹ̀.

A kò ní láti jẹ́ òyìnbó tàbí àlùfáà kí a tó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ rántí Babamúbọ̀ní àti àwọn tí ó ti oko ẹrú dé? Ìwọ̀nba tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ará ilé wọn. Bí o bá wà ní kíláàsì kẹfà, àbúrò rẹ kan wà ní kíláàsì kejì tí kò tíì mọ ìsodipúpọ̀. Jókòó tì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́. Má ṣe ṣe é lọ́jọ́ kan kí o sì dáwọ́ dúró, nítorí pé ohun tí a kò bá tẹ̀ mọ́ kì í sèso. Nígbà tí òun náà bá mọ̀ ọ́n, sọ fún un pé kí ó kọ́ ẹlòmíràn.

Àlàyé Ọ̀rọ̀

Míṣọ́nnárì: ẹni tí ìjọ rán lọ sí ilẹ̀ mìíràn láti wàásù.
Ìsọjí: àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yí padà sí Ọlọ́run pẹ̀lú ìtara.
Ìwé mẹ́fà: kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ayé àtijọ́.
Yangàn: fi nǹkan fọ́nnu.
Gbé ró: ràn lọ́wọ́ kí ó má baà ṣubú.

Ìbéèrè

1. Àwọn wo ni wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé kíkà wọ Èkìtì?
2. Kí ni ó mú kí ó ṣòro fún ọmọ Èkìtì láti lọ sí ilé-ìwé gíga ṣáájú ọdún 1933?
3. Ta ni a ránṣẹ́ pè láti Ọ̀yọ́ nígbà ìsọjí ọdún 1930, kí sì ni iṣẹ́ wọn?
4. Ṣàlàyé bí ọmọ ilé-ìwé ṣe lè jẹ́ tíṣà ní ayé ìgbà náà.
5. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó ran J. F. Adé Àjàyí lọ́wọ́.
6. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ Dallimore ní gbòǹgbò?
7. Kọ ìpínrọ̀ kan lórí ẹni tí ó ti fà ọ́ lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ rẹ, àti ẹni tí ìwọ náà fẹ́ fà lọ́wọ́.